Káàdì ìpamọ́ Xbox ń lépa owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: kí là ń sanwó fún gan-an?

Oníbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Xbox Series S tí wọ́n kọ 512 GB sí, 364 GB péré ló ṣẹ́ kù fún géèmù. Géèmù ńlá mẹ́ta, àyè ti tán. Káàdì 1 TB tí wọ́n ṣe fún un, owó rẹ̀ ń lépa owó ẹ̀rọ. Àwọn tó ní PS5 ń ra SSD (ìpamọ́ tó yára, tí kò ní díìskì tó ń yí nínú) tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kì í bọ inú tiwọn. Kí ló dé tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀? Ṣé chip inú rẹ̀ ló wọ́n ni, àbí orúkọ? Ṣé dandan tiẹ̀ ni kéèyàn rà á?

---

Atúnrọ̀ṣe

Ohun tó wà nínú káàdì yẹn kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. SSD kékeré irú NVMe (ìlànà tí SSD tó yára fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) ni, wọ́n fi páálí líle bò ó, ìrísí rẹ̀ sì jẹ́ ti CFexpress Type B tí àwọn ayàwòrán ń lò nínú kámẹ́rà. Ọ̀nà PCIe 4.0 méjì, ìyẹn títì tí dátà ń gbà nínú ẹ̀rọ, ló fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kí eré rẹ̀ lè bá ti SSD inú Xbox dọ́gba, ìyẹn 2.4 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú chip bẹ́ẹ̀ wà nínú láápútọ̀ tí kò wọ́n.

Ẹ wá wo iye tí wọ́n tà á. Nígbà tí Series X àti Series S jáde ní oṣù kọkànlá 2020, Seagate nìkan ló ń ṣe káàdì náà, 1 TB nìkan ló sì wà, 219.99 dọ́là. Series S fúnra rẹ̀ jẹ́ 299.99. Ká fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ẹ̀rọ ra àyè ìpamọ́ nìkan! Ìparí 2021 ni 512 GB dé ní 139.99, 2 TB sì dé ní 399.99. Tí ẹ bá pín in, GB kọ̀ọ̀kan lórí 512 jẹ́ nǹkan bí sẹ́ńtì 27, lórí 1 TB ó jẹ́ 22, lórí 2 TB ó jẹ́ 20. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló ń san jù.

Nígbà tó di 2023, Western Digital wọlé pẹ̀lú káàdì tiwọn, C50, 1 TB ní 149.99. Kò pẹ́ tí ti Seagate náà fi já sí 149.99. Káàdì kan náà, eré kan náà, 70 dọ́là ti bọ́ lára rẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń tà á di méjì. Lójú tèmi, ilẹ̀kùn là ń sanwó fún. Microsoft ló ni ìlànà ihò yẹn, ẹni tí wọ́n bá fún láṣẹ nìkan ló lè ṣe ohun tó máa wọ inú rẹ̀.

---

Olùṣírò

Atúnrọ̀ṣe, mi ò gbà á pátápátá. Ọdún 2023 yẹn náà ni chip ìpamọ́ wó lulẹ̀ káàkiri ayé, SSD kọ̀ǹpútà náà sì rọ̀. A ò lè sọ pé wíwọlé Western Digital nìkan ló fa ìwálẹ̀ owó.

Ibi tí ẹ ti ń sọ òótọ́ ni ìyàtọ̀ tó kù. Lọ́dún yẹn kan náà, èèyàn ń rí SSD M.2 (pẹlẹbẹ tó ń wọ inú ihò kọ̀ǹpútà) irú Gen4, ìyẹn PCIe 4.0, tó dára, 1 TB, ní ìsàlẹ̀ 100 dọ́là, káàdì Xbox sì dúró ní 149.99. Á jẹ́ pé ó kéré tán, 50 dọ́là ni owó ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni ká máa bá wọn jà lé lórí, ká má pe gbogbo 220 ti 2020 ní ìrẹ́jẹ. Ní 2020, SSD Gen4 1 TB tó yára kò pọ́ọ́kú níbì kankan.

---

Àǹtí Ẹlẹ́rọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń yin PS5, ẹ rántí pé látìgbà tó ti jáde ní oṣù kọkànlá 2020 ni ihò M.2 ti wà nínú rẹ̀, Sony ò sì ṣí i fún gbogbo èèyàn títí di oṣù kẹsàn-án 2021. Ní gbogbo àkókò yẹn, 667 GB ni olówó PS5 ní, kò sì sí ohun tó lè rà sí i tí géèmù PS5 lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Oní-Xbox lè ra tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kó kì í sẹ́yìn ẹ̀rọ, kó sì máa gbá géèmù lọ. Owó ìrọ̀rùn wà nínú iye yẹn, ẹ má fojú kéré e.

Fún ẹni tó ní PS5 tó fẹ́ fi SSD sí i, ibi tó ti ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Lára páálí, ẹ wá M.2, NVMe, PCIe Gen4 x4, àti eré kíkà tí kò dín ní 5,500 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá, bí Sony ṣe dámọ̀ràn. Gen3 kò ní ṣiṣẹ́. M.2 tó ń lo SATA, ọ̀nà àtijọ́ tó lọ́ra, náà kò ní ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán lè máà mọ ìyàtọ̀. Láti 250 GB ló ń gbà dé 8 TB. 4 TB ni òpin rẹ̀ kí àtúnṣe sọ́fítíwià oṣù kẹsàn-án 2023 tó dé.

Irin tó ń fa ooru kúrò lára SSD jẹ́ dandan. Àpapọ̀ irin náà àti SSD kò gbọdọ̀ nípọn ju mílímítà 11.25 lọ, kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju 25. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra èyí tó ní irin gíga, tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìdérí ihò ò wá lè padé mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe sọ́fítíwià ẹ̀rọ. Ẹ pa á pátápátá, kó má wulẹ̀ wà ní ipò oorun. Ẹ yọ gbogbo wáyà, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí apá tí díìskì ń gbà wọlé wà nísàlẹ̀, ẹ wá yọ ìbòrí funfun ti òkè. Síkúrù kan ló di ìdérí irin gígùn kan mú. Síkúrúdíráfà olórí àgbélébùú nọ́ńbà 1 ló ń tú u. Nọ́ńbà 2 yóò jẹ ẹnu síkúrù náà, yóò sì há síbẹ̀. Nínú ihò, òrùka kékeré kan wà lábẹ́ síkúrù kejì. Ẹ gbé e wá sí ojú 80 tó bá jẹ́ SSD 2280 (fífẹ̀ mílímítà 22, gígùn 80) lẹ rà, èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ ki SSD bọ̀ ọ́ ní dídàgẹ̀rẹ̀ títí wúrà etí rẹ̀ fi wọlé tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ dì í, ẹ dá ìdérí irin padà. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ yóò ní kẹ́ ẹ fọ́máàtì rẹ̀, yóò sì fi eré kíkà rẹ̀ hàn yín.

Tí kò bá sọ nǹkankan, wọ́n gbàgbé òrùka sí ojú 110 ni, tàbí SSD ò wọlé tán.

---

Oníbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Tiwa ò ní ihò bẹ́ẹ̀. Háàdì díìskì USB wá ńkọ́? Ẹnì kan ní kò wúlò fún Series S rárá, ẹlòmíì ní òun ni gbogbo wa ì bá rà.

---

Atúnrọ̀ṣe

Àwọn méjèèjì mú apá kan nínú òótọ́. Géèmù Xbox One, Xbox 360 àti Xbox àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ tààrà láti orí USB. Èyí tí wọ́n ṣe fún Series X|S gan-an kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ó lè sùn síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbá a, ẹ gbé e padà sínú ẹ̀rọ, ẹ ò ní tún un dáńlóòdù.

Ìyẹn gan-an ló ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ra dátà. Géèmù 100 GB tí ẹ pa rẹ́ lónìí láti fi àyè sílẹ̀, ẹ ó fi dátà 100 GB rà á padà lóṣù tó ń bọ̀. Lórí háàdì díìskì tó ń gbé 100 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá, gbígbé e padà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 lọ. Tó bá jẹ́ SSD USB tó ń gbé 400 MB, ó tó ìṣẹ́jú 4. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré tí ẹ bá ti yẹra fún dáńlóòdù, owó háàdì díìskì ti ń padà.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ USB 3.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì tó 128 GB ó kéré tán. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ gbà pé géèmù lẹ fẹ́ fi í ṣe, yóò fọ́máàtì rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, fọ́tò, fíìmù, ìwé iṣẹ́, yóò lọ, nítorí náà ẹ kó wọn kúrò ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ System, lẹ́yìn náà Storage devices, ẹ yan Move, ẹ má yan Copy. Copy ń fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, àwọn kan á wá máa wò ó pé àyè ò tú sílẹ̀.

Ẹ ra kékeré onínṣì 2.5 tó ń gba iná láti inú USB. Èyí tó ní wáyà iná tirẹ̀, tí wọ́n bá mú iná lọ tí ẹ̀rọ nìkan wà lórí UPS, yóò kú láàárín iṣẹ́, géèmù tó ń gbé lọ́wọ́ yóò sì bàjẹ́. Ohun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á ki díìskì bọ ilé USB tó ti gbó tàbí wáyà tó gùn jù, á máa yọ, á máa padà wọlé. Wáyà kúkúrú tó wà nínú páálí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

---

Ọmọ Vita

Ẹ̀yin ń sọ nípa 22 sẹ́ńtì lórí GB. Ẹ wo ohun tí Sony ṣe fún wa lórí PS Vita, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé wọn. Ó jáde ní Japan ní oṣù kejìlá 2011, ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní oṣù kejì 2012. Wọn ò lo microSD. Wọ́n ṣe káàdì tiwọn tí kò bá ẹ̀rọ mìíràn kankan mu: 4 GB ní 19.99 dọ́là, 8 GB ní 29.99, 16 GB ní 59.99, 32 GB ní 99.99. Vita fúnra rẹ̀ jẹ́ 249.99. Dọ́là mẹ́ta ó lé fún GB kan lórí èyí tó tóbi jù, dọ́là márùn-ún lórí èyí tó kéré jù. Vita àkọ́kọ́ kò sì ní ìpamọ́ kankan nínú, ọ̀pọ̀ géèmù kò lè fi ibi tí ẹ dé pamọ́ láìsí káàdì. Nínú Vita ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n tó fi 1 GB sí i.

Ó tún burú ju ti owó lọ. Àkáǹtì kan ni káàdì kan so mọ́. Tí ẹ bá ra Vita tòkunbọ̀ pẹ̀lú káàdì inú rẹ̀, tí ẹ sì fi àkáǹtì yín wọlé, yóò ní kẹ́ ẹ fọ́máàtì káàdì náà.

Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe báyìí ni SD2Vita, àdápítà kékeré tó ń wọ ojú ihò géèmù, tó ń gba microSD. Vita tí wọ́n ti ṣí (tí wọ́n ti já ìdènà Sony lórí rẹ̀) nìkan ló ń gbà á, èyí tó wà lórí sọ́fítíwià 3.60 tàbí 3.65 pẹ̀lú Enso ló sì rọrùn jù, torí Enso kì í jẹ́ kí ṣíṣí náà parẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ tún tàn án. Ẹ fọ́máàtì microSD sí exFAT. Ẹ da gbogbo ohun tó wà lórí káàdì Sony kọ sórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ máa fi fáìlì tó fara pamọ́ hàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó fi ìdajì sílẹ̀, àwọn géèmù ò ní yọjú. Fáìlì YAMT, tó ń jẹ́ kí Vita ka microSD, gbọ́dọ̀ wà nínú ur0:tai, fódà kan ní apá tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú nǹkan tirẹ̀, kó má ṣe wà ní ux0. Ẹni tó fi í sí ux0 ti fi í sórí káàdì Sony. Tó bá yọ káàdì náà, YAMT bá a lọ, microSD ò sì ní ṣí. Ẹ ṣètò kí SD2Vita di ux0, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ káàdì Sony, ẹ tàn án.

Àléébù rẹ̀ ni pé géèmù oníkáàdì ò ní ibi tó máa wọ̀ mọ́. Àdápítà tí wọn ò ṣe dáadáa náà máa ń mì nínú ihò, tí Vita bá ti sùn tó jí, microSD á ti pòórá. Ègé bébà tín-ín-rín lẹ́yìn àdápítà ló sábà ń mú un dúró.

---

Olùṣírò

Ọmọ Vita, Xbox 360 ti ṣe irú rẹ̀ ní 2005 kí Vita tó dé. Mẹ́mọ́rì 64 MB, 39.99 dọ́là. Háàdì díìskì 20 GB, 99.99. Èyí tó jẹ́ 120 GB ní 2007, 179.99. Tí ẹ bá tú páálí rẹ̀, háàdì díìskì SATA onínṣì 2.5 lásán ni, irú èyí tó wà nínú láápútọ̀. Ìyàtọ̀ ni pé Microsoft kọ àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù sí ibi kan lórí díìskì náà, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ka ibẹ̀, tí kò bá rí àmì, ó ti díìskì dànù. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń lo sọ́fítíwià HddHackr láti gbé àmì náà sórí àwọn díìskì Western Digital kan.

Ní oṣù kẹwàá 2009, àtúnṣe sọ́fítíwià kan dí mẹ́mọ́rì tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ilé iṣẹ́ Datel gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2010, Microsoft fúnra wọn ṣí USB sílẹ̀, 16 GB lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì lẹ́ẹ̀kan. Fíláàṣì tí gbogbo èèyàn ní nílé di ìpamọ́ 360 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyẹn fi hàn pé kò sí ohun kankan nínú ẹ̀rọ náà tó ní kó má ṣeé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

---

Oníbéèrè

Mo rí àdápítà CFexpress kan tí wọ́n ń tà pẹ̀lú SSD kékeré nínú, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ lórí Series S, kò sì tó ìdajì owó káàdì gidi. Kí ni kí n ṣe?

---

Atúnrọ̀ṣe

Ẹ fi í sílẹ̀, ayàfi tí ẹ bá lè gbà kí owó náà ṣòfò. Àdápítà yẹn ń gba SSD M.2 2230, èyí tó gùn ní mílímítà 30 péré. Èyí tí àwọn èèyàn rí i pé Xbox gbà ni irú Western Digital SN530 kan pàtó, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CH. SN530 mìíràn tí kò ní CH náà, ẹ̀rọ lè máà dá a mọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ tó ń tà á kì í sọ èyí tó wà nínú. Ẹ sì ti ka ohun tí Olùṣírò kọ nípa 2009: ohun tí wọn ò fọwọ́ sí, àtúnṣe sọ́fítíwià kan lè tì í pa.

Káàdì microSD àti SSD USB ayédèrú tún wọ́pọ̀ ju èyí lọ. Wọ́n máa ń yí sọ́fítíwià inú rẹ̀ padà kó lè sọ fún ẹ̀rọ pé 1 TB ni òun, nígbà tí 32 GB péré wà nínú. Ẹ ó kọ nǹkan sórí rẹ̀, yóò gbà. Tí 32 bá ti kún, ó ń kọ ti tuntun lé ti àtijọ́ lórí, láìpariwo. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí géèmù náà lẹ ó tó mọ̀. Kí ẹ tó fọ́máàtì rẹ̀ fún géèmù, ẹ fi sọ́fítíwià H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux àti Mac. Wọ́n ń kọ ọ́ kún dé ẹnu, wọ́n sì ń kà á padà. Ó ń pẹ́: 256 GB ní 20 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá, wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ fún kíkọ nìkan. Ẹ ṣe é nígbà tí iná wà. Tó bá jẹ́ Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n'Ìkẹjà lẹ ti rà á, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

---

Ọmọ Vita

Nintendo náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn o. Switch 2 tó jáde ní oṣù kẹfà 2025 kò gba microSD tí a ti ní lọ́wọ́. microSD Express nìkan. Káàdì àtijọ́, àwòrán àti fídíò nìkan ló lè kó kúrò lórí rẹ̀.

---

Àǹtí Ẹlẹ́rọ

Ọmọ Vita, àwọn nǹkan méjèèjì ò jọra. Káàdì Vita, Sony nìkan ló lè ṣe é. microSD Express jẹ́ ìlànà àjọ SD, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ lè ṣe é, kò sí gbígba àṣẹ lọ́wọ́ Nintendo. Ó wọ́n ju microSD lásán lọ torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun náà ń lo ọ̀nà PCIe àti NVMe, ó sì ní ìlà wúrà kejì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá àmì EX lára káàdì kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí kò bá sí níbẹ̀, Switch 2 ò ní fi géèmù sórí rẹ̀. 256 GB wà nínú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀, ẹ lè dúró títí owó rẹ̀ yóò fi rọ̀.

---

Oníbéèrè

Ó ti yé mi. Háàdì díìskì ni màá kọ́kọ́ rà. Tó bá wá di ọjọ́ tí mo ra káàdì, ṣé mo lè yọ ọ́ gbé lọ sílé ọ̀rẹ́? Ibi tí mo dé nínú géèmù ńkọ́, tí díìskì bá bàjẹ́?

---

Atúnrọ̀ṣe

Tó bá di ọjọ́ tí ẹ máa ra káàdì, ẹ ra 1 TB, ẹ fojú fo 512. 920 GB ló ń ṣẹ́ kù nínú 1 TB.

Ibi tí ẹ dé nínú géèmù kò sí lórí díìskì nìkan, Xbox ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kó gbé e tán kẹ́ ẹ tó pa ẹ̀rọ. Lórí PS5, PS Plus ni wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n tó rí irú rẹ̀, àmọ́ inú ẹ̀rọ gan-an ni fáìlì ibi tí ẹ dé ń wà, fífọ́máàtì SSD M.2 kò kàn án.

Káàdì ṣeé yọ láìpa ẹ̀rọ, ẹ ṣáà kọ́kọ́ ti géèmù tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò sí ohun tó ń wọlé tàbí tó ń gbé lọ́wọ́. Ní ilé ọ̀rẹ́ yín, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Series X tàbí S, Xbox One kò ní ihò rẹ̀. Ẹ fi káàdì sínú ihò náà, ẹ fi àkáǹtì yín wọlé, géèmù tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣí láìsí dáńlóòdù. Géèmù tí ẹ fi díìskì gbé sórí Series X kan, díìskì yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ kó tó ṣí, Series S ò sì ní ojú díìskì, nítorí náà kò ní ṣí níbẹ̀ rárá.